Lẹ́tà Ṣíṣí sí Olórí Ẹbí àti Ìgbìmọ̀ Ẹbí Wa ní Iléṣà: Rírù Tí Mo Rù Kì Í Ṣe Ẹjọ́ Ìyàwó Mi

Sí Olórí Ẹbí wa,
sí àwọn àgbà ojúlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin,
àti sí gbogbo Ìgbìmọ̀ Ẹbí, ní Iléṣà.

Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Kí ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ má ṣe bínú pé ohun tó yẹ kí n wá jókòó sọ níwájú yín ni mo kọ sínú ìwé tí tará-tèrò yóò kà. Gbangba ni ẹ̀yin ti sọ tiyín: orí WhatsApp ẹbí, tí àwọn ọmọ wa tó wà ní Ìbàdàn, ní Èkó àti ní London ń kà, ni ẹ gbé ìpinnu yín sí, gbangba náà ni èsì rẹ̀ yóò ti wá.

Ní ìpàdé ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù tó kọjá, èyí tí n kò lè wá nítorí pé mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ síbi ìdíje ìṣirò, ẹ ṣe ìpinnu mẹ́ta lórí mi lẹ́yìn mi. Ẹ gba ipò akọ̀wé lọ́wọ́ mi, ẹ ní "kí ó lè ráyè tọ́jú àìsàn tó ń ṣe é." Ẹ ní kí ojúlé kọ̀ọ̀kan dá ₦10,000 fún ìtọ́jú mi. Ẹ sì ní kí wọ́n pe ìyàwó mi, kí ó wá ṣàlàyé ohun tó ń fún mi jẹ fún àwọn àgbà obìnrin ilé. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ló mú mi gbé kálàmù. Bí ó bá jẹ́ méjì àkọ́kọ́ nìkan ni, ǹ bá fi rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹẹsẹ.

Èkínní. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé "àìsàn kan tí a kò mọ̀" ń jẹ mí lára. Àìsàn tó ń ṣe mí ní orúkọ, èmi sì mọ̀ ọ́n. Ní nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ sẹ́yìn, mo ń jí tọ̀ nígbà márùn-ún lóru, àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì sì ń jó mi bí ẹni pé mo tẹ eérú gbígbóná. Nígbà tí mo lọ ṣe àyẹ̀wò láàárọ̀, tí n kò tíì fi nǹkan kan ẹnu, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ 186. Ó yẹ kí ó má ṣe dé 100. Bí ó bá ti di 126 sókè, tí wọ́n tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ mìíràn tí kò wálẹ̀, àtọ̀gbẹ ni wọ́n ń pè é. Ìfúnpá mi jẹ́ 168 lórí 104, bẹ́ẹ̀ sì rèé, 140 lórí 90 ti tó kí wọ́n kà á sí ẹ̀jẹ̀ ríru. Kílò 112 ni mo wọ̀n, gíga mi kò sì ju mítà 1.70 lọ.

Ìṣirò kan wà tí wọ́n ń ṣe nílé ìwòsàn, tí èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò láti ọdún pípẹ́ wá kò ṣe fún ara mi rí. Wọ́n á mú gíga ènìyàn ní mítà, wọ́n á fi í sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, wọ́n á wá fi ohun tí wọ́n rí pín iye kílò rẹ̀. Bí èsì rẹ̀ bá wà láàárín 18.5 sí 24.9, ara ẹni náà bá gíga rẹ̀ mu. Bí ó bá ti dé 25, ó ti sanra jù. Bí ó bá dé 30, ìsanrajù náà ti di ohun tí dókítà ń bá jà. Tèmi jẹ́ 38.8. Lónìí, mo wọn kílò 86, ìṣirò kan náà sì fún mi ní 29.8. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà: ẹni tí ẹ ń dáwó fún nítorí pé ó ti gbẹ, ó ṣì sanra ju bó ti yẹ lọ. Ó ku kílò bíi 14 kí n tó dé ibi tí ìṣirò náà ń fẹ́.

Ojú lẹ fi wọ̀n mí, ojú kì í sì í ṣe òṣùwọ̀n. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wa yìí kọ́ ló yẹ kí wọ́n ti máa sọ èyí fún. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild níhìn-ín ní Iléṣà, dá ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fa ìlà ìwọ̀n ọmọ sórí káàdì tí ìyá ń mú lọ sílé, tí yóò sì mú padà wá lóṣooṣù, kí ẹnikẹ́ni tó bá wò ó lè mọ̀ bóyá ọmọ náà ń dàgbà tàbí ó ń rẹ̀yìn. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lẹ́yìn náà. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan lára ẹ̀yin tó jókòó ní ìpàdé yẹn ti mú irú káàdì bẹ́ẹ̀ lọ wọn ọmọ rí. Ẹ kò gbà kí wọ́n fi ojú wọn ọmọ yín nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹ fi ojú wọ̀n èmi.

Èkejì. Kò sí ẹni tó fi ebi pa mí. Dókítà ló ní kí n dín ara kù. Ó ṣàlàyé fún mi pé bí ẹni tó sanra jù bá dín márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ kù, ṣúgà àti ìfúnpá rẹ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Mo tún rí ìwádìí kan kà, tí wọ́n ṣe ní Scotland àti ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí èsì rẹ̀ jáde ní ìparí ọdún 2017, lórí àwọn tí àtọ̀gbẹ wọn kò tíì ju ọdún 6 lọ: nínú àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ láti rù, 46 nínú ọgọ́rùn-ún ni ṣúgà wọn bọ́ kúrò ní ipele àtọ̀gbẹ láàárín ọdún kan láìlo oògùn rẹ̀, nínú àwọn tó dín kílò 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kù, 86 nínú ọgọ́rùn-ún ni. N kò sọ pé èmi náà ti bọ́. Mo ṣì ń lo oògùn mi. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo kà á ni mo mọ̀ pé ìrìn náà ní ibi tó ń lọ.

Iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ: ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, wọn kò ní í kọ́ mi. N kò fi iyán sílẹ̀. Èyí tó máa ń ga bí òkè nínú abọ́ mi ni mo dín kù sí ìwọ̀n ìkúùkù mi kan, ọ̀sán ni mo sì ń jẹ ẹ́, kì í ṣe aago mẹ́sàn-án alẹ́ mọ́. Ẹ̀fọ́ àti ẹja ló gba àyè tó ṣẹ́ kù. Ẹlẹ́rìndòdò, búrẹ́dì àárọ̀ àti ìgò bíà méjì tí mo máa ń mu lọ́jọ́ Ẹtì ni mo jáwọ́ nínú wọn pátápátá. Láàárọ̀ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, mo ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé wa dé Ọjà Atakúnmọ̀sà, mo sì ń rìn padà. Oṣù 17 ni mo fi rìn láti kílò 112 dé 86, kò tó kílò méjì lóṣù kan. Àrùn tó ń pani kì í fi irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, tàbí kí n kúkú sọ pé n kò tíì rí irú rẹ̀. Ṣúgà mi lọ́sẹ̀ tó kọjá jẹ́ 104, ìfúnpá mi jẹ́ 128 lórí 82. N kì í jí tọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóru mọ́.

Ẹ̀kẹta kò gùn. Nígbà tí mo wọn 112, tí mo ń mí hẹlẹhẹlẹ kí n tó gun àtẹ̀gùn kíláàsì, ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu yín ni "ara ń tu Tíṣà," "owó ti ń wọlé," "ìyàwó rẹ̀ mọ ọkọ tọ́jú." Níbi òkú ìyá wa àgbà, ẹnì kan nínú ẹ̀yin ìgbìmọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá mi níkùn, ó ní ikùn olówó nìyí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún mi nílé ìwòsàn pé ikùn olówó yẹn fẹ́ sọ mí di afọ́jú. Ẹ kò pe ìpàdé nígbà náà.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Mo mọ̀ pé láàárín wa, "o rù o" jẹ́ ìkíni, pé ẹni tí kò bá bìkítà fún ọ kò ní rí i pé ìrísí rẹ yí padà. N kò bá ìyẹn jà. Ohun tí mo ń gbọ́ láti oṣù mẹ́wàá sẹ́yìn ju ìkíni lọ. "Ó ti joro." "Ọrùn rẹ̀ dà bí ti adìẹ òpìpì." "Ṣé kò sí o?" "Wọ́n ti ń mu ún lẹ́jẹ̀ nílé." Níbi ìkómọ kan, wọ́n ní kí n dìde dúró kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè rí mi, bí ẹni pé ẹran ọjà ni mí. Ọ̀rẹ́ mi kan, tí a jọ jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama, ló fà mí sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, tó fi ẹnu sí mi létí, tó ní bí ó bá jẹ́ "nǹkan yẹn" ni, kí n má ṣe tijú, oògùn rẹ̀ wà, òun yóò sì bá mi lọ gbà á. Kí ẹ tó bú u, ẹ gbọ́: nínú gbogbo àwọn tó sọ̀rọ̀ sí ara mi, òun nìkan ni n kò bínú sí. Ó bi mí léèrè, ẹnu rẹ̀ sì mọ níwọ̀n etí mi.

Mo mọ ibi tí ẹ̀rù "nǹkan yẹn" ti wá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1997, nígbà tí Fẹlá kú, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, bọ́ síta sọ fún gbogbo ayé pé éèdì ló pa á, ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé ìgbà náà ni a kọ́kọ́ gbà pé àrùn náà wà lóòótọ́. Láti ìgbà náà ni rírù ti di ẹ̀sùn láàárín wa. Ṣùgbọ́n ayé ti kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ní kòkòrò HIV lára tó sì ń lo oògùn rẹ̀ déédéé lè sanra ju Olórí Ẹbí lọ, kí bàbá mi forí jì mí. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń fún wọn ní oògùn náà ní ilé ìwòsàn ìjọba. Èmi ti ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, n kò ní in. Bí mo bá tilẹ̀ ní in, ẹ kò ní ẹ̀tọ́ láti tìtorí rẹ̀ gba ipò lọ́wọ́ mi: òfin kan wà ní orílẹ̀-èdè yìí láti ọdún 2014 tó ka irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀.

Mo ní ẹ̀bi tèmi níhìn-ín, n kò ní fi pamọ́. Oṣù méje gbáko ni mo fi àìsàn yìí pamọ́ fún gbogbo yín, tó jẹ́ pé ìyàwó mi nìkan ló mọ̀. Bí ẹ bá bi mí, mo máa ń sọ pé iṣẹ́ ló pọ̀. Nígbà mìíràn, mo máa ń fi ṣe àwàdà, mo máa ń ní mo fẹ́ padà di ọmọge. Lọ́jọ́ ìkómọ tí mo sọ yẹn, mo bínú, mo fi oúnjẹ sílẹ̀, mo sì jáde láì dágbére fún onílé. Irọ́, àwàdà àti ìbínú, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bu epo síná. Nígbà tó yá ni mo rí èsì tó ń bá mi ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ti ní mo rù, n ó ní, "Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni, dókítà mi sì mọ̀ sí i," n ó sì béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ wọn. Ọ̀rọ̀ a parí síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Àwọn tó ń fi tipátipá bu oúnjẹ fúnni, mo ń fi ọwọ́ méjèèjì gbà á lọ́wọ́ wọn, n ó jẹ díẹ̀ lójú wọn, n ó sì di èyí tó kù lọ fún àwọn ọmọ. Ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, bóyá ọ̀rọ̀ yìí kì bá tí dé orí tábìlì yín.

Ẹ̀karùn-ún ni ó dùn mí jù. Ọdún 24 ni ìyàwó mi ti wà nílé yín. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n pè é, wọ́n ní kí ó má ṣe sọ fún mi. Ìyá mẹ́fà ló jókòó yí i ká. Wọ́n bi í pé kí ló ń sè, wọ́n bi í pé ta ló ń bá a rìn, wọ́n bi í pé ṣé ó ti ń wo ilé tí èmi náà kọ́ ni. Ó yọ ìwé kékeré kan jáde nínú báàgì rẹ̀, èyí tó fi ń kọ iye ṣúgà mi sílẹ̀ láràárọ̀ láti oṣù 17, ọjọ́ kan kò fò, títí kan ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ wà lórí àkéte pẹ̀lú ibà. Ó nà án sí wọn. Ẹnì kan nínú wọn kò tilẹ̀ ṣí i; ó ní, "Oúnjẹ là ń bi ọ́, ìwọ ń fi ìwé hàn wá."

Ó délé, ó dáná, ó wọn ìrẹsì mi bó ti ń wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́, kò sì sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹnu ọmọ wa obìnrin ni mo ti gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan tún mú ọ̀rọ̀ ìpàdé yín lọ bá ìyá mi ní Ìsọkùn, ó ní kí wọ́n máa gbàdúrà, kí wọ́n sì mọ́kàn le. Ìyá mi ti pé ẹni ọdún 81. Wọn kò jẹun fún ọjọ́ méjì. Nọ́ọ̀sì àdúgbò wọn ìfúnpá wọn, ó bá a ní 190 lórí 110, òun ló sì pè mí. Aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù kí n tó débẹ̀. Mo bọ́ ẹ̀wù mi níwájú wọn lábẹ́ iná àtùpà, torí kò sí iná mànàmáná. Wọ́n fi ọwọ́ gbá apá mi mú, wọ́n fọwọ́ tọ èjìká mi dé ìhà, wọ́n yí mi padà bí wọ́n ti ń yí ọmọ ọwọ́ padà nígbà ìwẹ̀. Wọ́n ní, "Bí bàbá rẹ ṣe rí nígbà tó ń fẹ́ mi nìyí." Ìgbà náà ni wọ́n tó ní kí wọ́n bu ẹ̀kọ wá. Ẹ̀yin àgbà, bí ohun kan bá ṣe ìyá yẹn láàárín ọjọ́ méjì náà, lọ́rùn ta ni ì bá wà?

Ẹ̀kẹfà, kí n má baà dà bí ẹni tó ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi ẹnikẹ́ni léèrè. Rírù tí ènìyàn kò wá, tó kàn dé fúnra rẹ̀, ohun àmójútó ni. Bí ẹni tó wọn kílò 80 bá ṣàdédé dín kílò mẹ́rin kù láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan láìyí oúnjẹ rẹ̀ padà, ó yẹ kó lọ rí dókítà. Bí ikọ́ bá ń bá a jà ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tí òógùn ń bò ó lóru, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, èyí tí ìtọ́jú rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́ tí ìtọ̀ sì pọ̀, kí wọ́n wo ṣúgà rẹ̀, torí àtọ̀gbẹ tí wọn kò tọ́jú náà a máa fa ara gbẹ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń ya tèmi sọ́tọ̀ kúrò lára ìwọ̀nyí: "Ṣé ìwọ lo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀?" Kò sí ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ tó bi mí ní ìbéèrè yìí kí ẹ tó dìbò lórí ara mi.

Ohun tí mo ń béèrè nìyí.

Kí Olórí Ẹbí, pẹ̀lú ó kéré tán méjì nínú àwọn ìyá mẹ́fà yẹn, wá sílé wa láti bẹ ìyàwó mi. Kí ó má ṣe jẹ́ orí fóònù. Kí wọ́n ṣí ìwé kékeré yẹn, kí wọ́n kà á.

Kí wọ́n dá owó tí wọ́n ti gbà padà fún olówó. Mo gbọ́ pé ojúlé méjì ti san tiwọn. Bí ojúlé kan bá fi tinútinú ní kí tòun má padà, kí wọ́n fi ra ẹ̀rọ ìfúnpá, ẹ̀rọ ṣúgà àti òṣùwọ̀n kan, kí a máa lò ó nígbà tí gbogbo wa bá péjọ fún ọdún Ìwúdé lóṣù Kejìlá. Ó wù mí kí ẹni tó gbá mi níkùn kọ́kọ́ gun òṣùwọ̀n náà.

Ní ti ipò akọ̀wé, n kò fẹ́ ẹ mọ́, ẹ fún ẹni tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ pa ìdí tí ẹ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rẹ́. Ẹ kọ ọ́ pé mo ti ṣe é fún ọdún mẹ́sàn-án, ó sì tó.

Kí ẹ fi ọ̀rọ̀ ara ẹlòmíràn kún àwọn ohun tí a kì í sọ lórí WhatsApp ẹbí, bí a ti fi ọ̀rọ̀ ìṣèlú kún un. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá ń já nítorí ẹnì kan, kí ó pe ẹni náà.

N ó wà ní ìpàdé oṣù yìí, bí Ọlọ́run bá fẹ́, pẹ̀lú ìwé àyẹ̀wò mi lọ́wọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Ìyàwó mi kò ní tẹ̀lé mi wá, kò sì ní dá ẹ̀fọ́ ìpàdé bó ti máa ń dá a, títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ Òṣómàáló ni gbogbo wa, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi san án. Mo ti lóṣòó.

Èmi ni ọmọ yín,
akọ̀wé àná.